Wọ́n pè mí sílé súṣì, mi ò sì lè jẹ ẹja àìsè

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Los Angeles níbí ni mo wà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ọ̀gá wa kan fẹ́ fẹ̀yìn tì, àwọn ará ibi iṣẹ́ sì ní ilé súṣì kan ní Little Tokyo, àdúgbò àwọn ará Japan, la ó ti ṣe é fún un. Wọ́n ní ilé ọ̀hún ò le rárá, pé jíǹsì la ó wọ̀ lọ, pé máńgòrò, ata àti oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n fi ń dárà sí súṣì wọn. Ẹ̀gbọ́n, láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ẹja tí iná ò kàn, aràn ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní ayédèrú ni súṣì tí wọ́n ń fi máńgòrò sí, pé ará Japan gidi ò ní bojú wò ó. Mùsùlùmí ni wá, ìyàwó mi tó fẹ́ bá mi lọ sì lóyún oṣù márùn-ún. Ṣé kí á jẹun yó nílé ká kàn lọ mu omi níbẹ̀ ni, àbí kí n wá àwáwí?”

Àbúrò mi, má wá àwáwí kankan, ẹ má sì jẹun yó kí ẹ tó kúrò nílé. Ìbéèrè rẹ pọ̀, ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni gbogbo rẹ̀ so mọ́. O rò pé bí o bá ti jókòó sílé súṣì báyìí, ẹja àìsè ni wọ́n á gbé ka iwájú rẹ, o ò sì ní lè kọ̀ ọ́ kí ojú má baà tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn káńtà irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí o wà yìí, láti ìdí ìrẹsì fífọ̀ títí dé ìdí ọ̀bẹ. Ohun tí ojú mi sì rí ni pé àwọn ilé súṣì tí kò le, tí wọ́n ń dárà, àwọn oníbàárà tó kọ ẹja àìsè ló sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ló bí ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nínú ìwé oúnjẹ wọn. Ẹni tó bá wọlé tó ní “èmi ò jẹ èyí” kì í ṣe àjèjì níbẹ̀, irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná fún tipẹ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ, torí bí o bá gbà á gbọ́, ńṣe ni wàá wọlé pẹ̀lú èrò pé ohun tí kò tó nǹkan lo fẹ́ jẹ. Ìrẹsì ni òpó súṣì, ẹja kọ́. Ìrẹsì tí wọ́n sè tí wọ́n fi fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ pò, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé lé e lórí tàbí tí wọ́n bá wé mọ́ ọn, ìbáà ṣe ẹyin, ìbáà ṣe kùkúḿbà, súṣì ni. Ẹja àìsè tí wọ́n gé sínú àwo láìsí ìrẹsì, sàṣímì nìyẹn, oúnjẹ ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù lónìí, ìyẹn nigiri, ìrẹsì tí wọ́n fi ọwọ́ mọ tí wọ́n gbé ẹja lé, ìlú Edo tó di Tokyo lónìí ló ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1820. Hanaya Yohei ni wọ́n sábà ń dárúkọ pé ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ìlú ń rà. Ojú pópó ni wọ́n sì ti ń tà á. Èèyàn á dúró sídìí àtẹ, á fi ọwọ́ mú un, á jẹ méjì mẹ́ta, á sanwó, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹyọ kan nígbà náà tóbi ju ti òde òní lọ dáadáa, torí oúnjẹ òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa ni. Nítorí náà, ilé tí wọ́n ń wọ jíǹsì lọ, tí èèyàn ti lè rẹ́rìn-ín sókè, òun gan-an ló sún mọ́ orísun nigiri ju ilé olówó gọbọi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Èkejì, ẹja tí wọ́n ń lò ní Edo nígbà yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe àìsè lásán. Fíríìjì kò sí. Wọ́n ń rẹ tuna sínú omi sóyà, wọ́n ń fi iyọ̀ àti fínígà pa àwọn ẹja kéékèèké, wọ́n ń se ẹja gígùn tó dà bí ejò nínú omi dídùn, wọ́n sì ń bọ edé. Apá tó lọ́ràá jù lára tuna, èyí tí wọ́n ń pè ní toro, tí owó rẹ̀ ń ba èèyàn lẹ́rù lónìí, wọn ò kà á sí nígbà náà, torí kíá ló ń bàjẹ́. Ẹ̀rọ amúǹkantutù ló sọ jíjẹ ẹja ní tútù nini di ohun tó rọrùn. Salmon ńkọ́, èyí tó jọ pé òun ni ọba súṣì lónìí? Àwọn ará Norway ló polówó salmon ọ̀sìn wọn dé Japan ní àwọn ọdún 1980. Kó tó dìgbà náà, ará Japan kì í sábà jẹ salmon láìsè, wọ́n mọ̀ pé èyí tí wọ́n ń pa lókun tiwọn ní aràn. O rí i pé ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé yín, wọ́n fi kọ́ ọmọ tiwọn náà.

Los Angeles níbí ni ọ̀rọ̀ wá gba ọ̀nà mìíràn. Ní àárín àwọn ọdún 1960 ni káńtà súṣì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Little Tokyo, àwọn oníṣòwò tó ń ti Japan wá ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tà á fún. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, wàhálà dé. Ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ ẹja àìsè, wọn ò sì fẹ́ fojú kan nori, ewé òkun gbígbẹ tó dúdú yẹn. Ichiro Mashita, alásè kan ní ilé oúnjẹ Tokyo Kaikan, ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó fi píà rọ́pò ọ̀rá tuna tí kì í sábà sí lọ́jà, tó sì fi akàn sísè kún un. Nígbà tó yá, wọ́n yí i po, ìrẹsì bọ́ síta, ewé òkun wọnú lọ. California roll nìyẹn; súṣì tí wọ́n ká jọ tí wọ́n sì gé ni wọ́n ń pè ní roll. Alásè mìíràn wà ní Vancouver ní Kánádà, Hidekazu Tojo, tó ní òun lòun kọ́kọ́ dá irú rẹ̀. N ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tó kàn ọ́ ni pé súṣì tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹja àìsè nínú rẹ̀ rárá.

Ata tí wọ́n ń fi sí súṣì náà ní ìtàn tirẹ̀. Nobu Matsuhisa kọ́ iṣẹ́ súṣì ní Tokyo, ó lọ dáná ní Lima ní Peru níbi tí wọ́n ti ń fi ata àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ ẹja, kó tó wá ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ sí Beverly Hills ní 1987. Oníbàárà kan dá àwo ẹja padà fún un níbẹ̀, obìnrin náà lóun ò lè jẹ ẹja àìsè. Ó ti gé ẹja yẹn tán, kò sì fẹ́ dà á nù. Ló bá gbé òróró kaná títí ó fi gbóná janjan, ó dà á lé ẹja lórí, ó ṣe ṣàá, ojú ẹja yí padà sí funfun, inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Obìnrin náà jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ yẹn wà nínú ìwé oúnjẹ wọn di òní, ọ̀pọ̀ ilé sì ti wò ó ṣe. Ṣé o ti wá rí ohun tí mò ń sọ nípa àwọn tó kọ̀?

Ó kan aràn. Òótọ́ ni wọ́n kọ́ ọ, n ò ní fi ẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Aràn kan wà tí wọ́n ń pè ní Anisakis, ó funfun, ó tín-ín-rín bí òwú, ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ sínú ìfun ẹja tàbí sínú ẹran ara rẹ̀. Ẹja òkun tí ẹnikẹ́ni kò sìn ló sábà ń ní in, irú bíi mackerel, cod àti salmon tí wọ́n pa lókun. Bí èèyàn bá gbé e mì láàyè, inú lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó burúkú láàárín wákàtí díẹ̀, pẹ̀lú èébì. Ohun méjì ló ń pa á: iná àti òtútù líle. Fínígà kò pa á, iyọ̀ díẹ̀ kò pa á, wasabi, ohun títa tí wọ́n ń fi jẹ súṣì, kò pa á, ọtí tí àwọn kan ń mu lé e lórí kò pa á. Ìdí nìyẹn tí ìlànà FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ní kí ẹja tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn jẹ láìsè wà nínú òtútù ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo ní Celsius fún ọjọ́ 7, tàbí kó dì gbagidi ní ìwọ̀n 35 sísàlẹ̀ òdo kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 15. Àwọn tuna ńlá àti ẹja ọ̀sìn tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ oníkóró ni wọ́n yọ sílẹ̀ nínú ìlànà yìí, torí aràn náà kì í sábà sí lára wọn. Fírísà ilé rẹ kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀.

Èyí yí ọ̀rọ̀ po fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ní ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lókun láàárọ̀ yìí ló dáa jù láti jẹ láìsè. Ní tèmi, èyí tó ti dì gbagidi rí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Bí o bá sì rí i tí wọ́n kọ “sushi grade” sára ẹja nínú ọjà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́, ẹni tó ń tajà ló kọ ọ́. Òtútù náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ń pa aràn, kò pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí, wọ́n á kàn sùn ni. Tuna tàbí mackerel tí oòrùn ti kàn rí, tí wọ́n wá dá padà sínú yìnyín, lè mú kí ojú èèyàn pọ́n, kí orí fọ́ ọ, kí ara máa yún un, sísè pàápàá kò sì mú un kúrò. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, ìwọ gan-an á ti rí irú wọn níbi iṣẹ́. N kì í ṣe dókítà, n ò sì ní sọ fún ọ pé ẹja àìsè kò léwu kankan. Ohun tí mo lè sọ ni pé nílé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ewu náà kéré, mo sì ń jẹ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ sí ni pé bí ó bá dùn mọ́ ọ lẹ́nu lọ́jọ́ náà, má lọ máa ṣe é nílé fúnra rẹ. Mackerel tí a ń pè ní Titus nílé, wọ́n ń lò ó fún súṣì. Wọ́n á fi iyọ̀ bò ó, wọ́n á fi fínígà rẹ ẹ́, awọ rẹ̀ á máa dán bí fàdákà, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í fi ṣeré. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú páálí ní ọjà àwa ará Áfíríkà, fún ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe kó o wá, o ò mọ iye ìgbà tó ti yọ́ tó tún dì lọ́nà. Ẹja odò sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹja àrọ̀, tilapia, ohunkóhun tó bá ti inú omi tí kò níyọ̀ wá, má jẹ ẹ́ láìsè láé. Aràn tiwọn yàtọ̀, òmíràn nínú wọn a sì máa bá èèyàn gbé.

Ká wá sórí ohun tí wàá jẹ gan-an. Nígbà tí ẹ bá wọlé, wọ́n á pariwo “Irasshaimase!” láti ẹ̀yìn káńtà. Má bẹ̀rù, ẹ káàbọ̀ ni wọ́n ń kí yín, ẹ kàn mi orí. Aṣọ ìnuwọ́ tútù tàbí gbígbóná ni wọ́n á kọ́kọ́ fún yín. Ọwọ́ ni ẹ fi ń nù, kì í ṣe ojú. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri pé o ò jẹ ẹja àìsè, kí ó sì fi hàn ọ́ nínú ìwé oúnjẹ èyí tí wọ́n sè. Wàá rí i pé ó pọ̀. Unagi wà níbẹ̀, ẹja gígùn bí ejò tí wọ́n sun lórí iná tí wọ́n fi omi dídùn pa lára títí ó fi ń dán. Wọn kì í jẹ ẹ́ láìsè rárá, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní májèlé tí iná ń pa. Edé bíbọ̀ wà lórí ìrẹsì, ẹyin dídín tí wọ́n ká jọ ní ìpele-ìpele wà, inari wà, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n kì sínú àpò ẹ̀wà sóyà díndín. Roll tí wọ́n fi edé tempura, ìyẹn edé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò tí wọ́n sì dín, sí nínú máa ń dùn mọ́ àwọn ará wa, torí ó ń ró kàwẹ̀kàwẹ̀ lẹ́nu.

Bí wọ́n bá ní akàn inú ààrò tí wọ́n ń fi ewé òkun wé, èyí tí Los Angeles fẹ́ràn gan-an, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n á fi í lé ọ, kì í ṣe sínú àwo. Alásè á na ewé òkun gbígbẹ sí àtẹ́lẹwọ́, á tẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, á gbé akàn gbígbóná lé e, á ká a, á sì nà án sí ọ lójú ẹsẹ̀. Gbà á, kí o sì gé e jẹ lójú ẹsẹ̀ bákan náà. Má tíì ya fọ́tò. Ewé yẹn ń ró pẹ̀pẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Bí ooru ìrẹsì bá ti wọ inú rẹ̀, ó di ohun tí eyín ń fà bí awọ. Mo ti rí ẹni tó gbé e kalẹ̀ tó ń fi fóònù sọ̀rọ̀, tó wá ráhùn lẹ́yìn náà pé súṣì le. Bí ọkàn rẹ bá sì gbà láti dán nǹkan wò, ní kí wọ́n fún ọ ní salmon tí wọ́n fi iná ọwọ́ jó lójú. Kò jinná tán, mi ò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ á jọ ti ẹja sísun. Bí ọkàn rẹ kò bá gbà, fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kà á.

Ohun kan wà tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ará wa nípa rẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn ata. Spicy tuna. Wọ́n á gé tuna wẹ́wẹ́, wọ́n á po ó mọ́ màyọ́níìsì àti ata. Ó dùn, pàápàá lórí ìrẹsì tí wọ́n dín. Ṣùgbọ́n etí àti ẹ̀gbẹ́ ẹja tí kò ṣeé gé dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń kó o sí. Nílé tó dáa, kò sí aburú nínú ìyẹn, ẹja kan náà ni. Nílé tí kò dáa, ata àti màyọ́níìsì ni wọ́n fi ń bo ẹja tó ti pẹ́. Bákan náà ni mo ṣe ń wo súṣì tí wọ́n ya omi ọbẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin lé lórí. Dídárà yàtọ̀ sí fífi nǹkan pa nǹkan mọ́. Máńgòrò díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ akàn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tó lọ́ràá ní ìtumọ̀, torí kíkan àti dídùn rẹ̀ ń gé ọ̀rá náà. Máńgòrò, wàràkàṣì, ata, omi dídùn àti ẹyin ẹja lórí roll kan ṣoṣo, o ò ní mọ ohun tí o jẹ. Ibi tí mo bá ọ̀rẹ́ rẹ dé nìyẹn.

Bí o ṣe máa mọ ilé tó dáa kò nira. Ní Los Angeles County, ìwé tí wọ́n kọ A, B tàbí C sí máa ń wà lójú fèrèsé ilé oúnjẹ, láti 1998 ni wọ́n ti ń ṣe é. Wò ó kí o tó wọlé. Nígbà tí o bá wọlé, kò yẹ kí òórùn ẹja kọlù ọ́. Ẹja ní láti tutù, ìrẹsì ní láti lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ara èèyàn. Ìrẹsì ni mo máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́. Bó bá tutù tó sì le bí ẹni pé inú fíríìjì ló sùn, mo ti mọ irú ọwọ́ tó wà lẹ́yìn káńtà náà. Bó bá dáa, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á dá dúró lẹ́nu, síbẹ̀ wọn ò ní túká kí wọ́n tó dé ẹnu.

Lórí ìwà ìjẹun, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò pọn dandan kí o fi igi méjì jẹ súṣì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní Edo, àwọn àgbà alásè sì gbà á di òní. Ìwọ tí o ti ń bu òkèlè láti kékeré, ìka rẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan tó rọ̀ láìfọ́ ọ. Mú nigiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, yí i díẹ̀ kí ẹja rẹ̀ kan omi sóyà, má ri ìrẹsì bọ̀ ọ́, torí ìrẹsì á mu ún lámujù, á sì fọ́ sínú àwo. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí o fi sẹ́nu. Wasabi, ohun aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kì í ta bí ata wa. Imú ló ń gbà, ó ń gun orí, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó ti lọ. Èyí tó pọ̀ jù nílé oúnjẹ kì í ṣe gbòǹgbò wasabi gidi, horseradish àti mọ́sítádì tí wọ́n pa láró ni. Ata ilẹ̀ tí wọ́n gé féléfélé wà fún fífọ ẹnu láàárín ẹyọ kan sí èkejì, má kó o lé súṣì lórí. Bí o bá sì lo igi ìjẹun, ohun méjì ni kí o ṣọ́ra fún. Má gún un dúró ṣánṣán sínú ìrẹsì, má sì fi igi tìrẹ gba oúnjẹ láti orí igi ẹlòmíràn. Ìsìnkú ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì ní Japan: ìrẹsì olóògbé ni wọ́n ń gún igi sí, egungun ẹni tí wọ́n sun ni wọ́n sì ń fi igi gbà lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn àṣìṣe yòókù, ẹ̀rín lásán ni wọ́n á fi rín.

Ti ẹ̀sìn yín, ẹja kọ́ ni ìṣòro níbẹ̀, ọtí ni. Mirin, èyí tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe tó dùn, àti sake wà nínú ọ̀pọ̀ omi dídùn tí wọ́n ń fi kun nǹkan, títí kan èyí tó wà lára unagi tí mo yìn lókè yẹn àti teriyaki. Ilé mìíràn ń fi díẹ̀ sínú ohun tí wọ́n fi ń po ìrẹsì. Àwọn kan á ní iná ti gbé ọtí náà lọ, àwọn mìíràn ò gbà. Ààfáà yín ni kí ẹ bi, èmi alásè ò lẹ́nu níbẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni ìbéèrè tí wàá bi wọn: “Ṣé mirin tàbí sake wà nínú èyí?” Wọ́n á dá ọ lóhùn láìbínú, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ irú rẹ̀. Gyoza, nǹkan tí wọ́n wé bí àpò kékeré, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà wà nínú rẹ̀. Edé bíbọ̀, kùkúḿbà àti píà ni ọ̀nà tó rọrùn jù, bí wọ́n bá ti jẹ́rìí ìrẹsì wọn. Akàn inú California roll, ẹja funfun tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n pa láró ni lọ́pọ̀ ilé, àlìkámà àti ẹyin sì máa ń wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gbà wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìyàwó rẹ ni kí o fetí sí jù. Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn FDA ni pé kí aboyún má jẹ ẹja àìsè. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá wà ní London, ó lè sọ fún un pé wọ́n ní kò burú bí ẹja náà bá ti dì rí. Òótọ́ ni pé ìmọ̀ràn wọn níbẹ̀ rọ̀ ju ti ibí lọ, ṣùgbọ́n dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ níbí ni kó tẹ̀ lé. Ti mercury náà wà, májèlé kan tó máa ń kó sára ẹja ńlá. Bigeye, oríṣi tuna kan tí àwọn ilé súṣì ń lò, wà nínú àwọn ẹja tí FDA ní kí aboyún yẹra fún pátápátá, bó jẹ́ sísè bó jẹ́ àìsè, pẹ̀lú swordfish àti marlin. Nínú ìwé oúnjẹ, “tuna” lásán ni wọ́n sábà ń kọ. Kó fi tuna sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó sì ṣọ́ra fún salmon tí wọ́n fi èéfín tutù pa, èyí tó wà nínú Philadelphia roll, àti ẹyin ẹja pupa wínníwínní tí wọ́n ń wọ́n lé California roll lórí. Wọ́n lè yọ ọ́ bó bá ti sọ. Ọ̀bẹ kan náà àti pákó kan náà ni wọ́n ń fi gé gbogbo rẹ̀, nítorí náà kó sọ pé òun lóyún, kí wọ́n fi ọ̀bẹ mímọ́ gé tòun. Èmi kì í dúró kí wọ́n ní kí n ṣe é bí mo bá ti rí ikùn. Ọbẹ̀ miso, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n bọ̀ nínú èèpo, edé àti ẹ̀fọ́ tempura tó ń gbóná, inú rẹ̀ á dùn sí ìyẹn.

Owó wá kù. Nigiri sábà ń jẹ́ ẹyọ méjì fún iye tí wọ́n kọ, roll kan sì ń jẹ́ ègé mẹ́fà sí mẹ́jọ, nítorí náà ẹ máa bèèrè díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnìkan bá dárúkọ omakase, ìyẹn ni pé kí alásè yan ohun tó bá wù ú fún yín. Ó dára, ṣùgbọ́n ní ìlú yìí ó lè ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lórí ẹnìkan lọ, ẹja àìsè ló sì máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í ṣe ti yín lọ́jọ́ yìí. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe máa pín owó kí oúnjẹ tó dé, kí ẹni tó jẹ edé bíbọ̀ má baà sanwó ẹni tó jẹ toro. Nígbà tí bíìlì bá dé, wò ó bóyá wọ́n ti ka owó ẹni tó gbé oúnjẹ mọ́ ọn, torí wọ́n sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó bá pọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù tí ẹja àìsè wà nínú rẹ̀, ẹ má gbà á bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e lọ nítorí pé nọ́ọ̀sì kan ní iṣẹ́ òru. Tempura ni kó gbé.